Orin ìkórè mi kò bá ohùn mu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo kọ orin kan fún ìkórè ìjọ wa. Ẹsẹ kìíní rèé:

Ẹ wá kí a jọ yin Olúwa
Tí ó mú ìkórè dé
Ó rọ òjò sí oko wa
Ó sì fún wa ní èso

Ohùn 8.6.8.6 ni ẹlẹ́dùùrù wa fẹ́ lò, ó ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Àwọn kan tún ní ìparí ìlà mi kò dún bákan náà. Kí ni kí n ṣe? Akọrin, Aké, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni ẹlẹ́dùùrù yín sọ. Iye sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan ni 8.6.8.6, tiyín jẹ́ 9, 7, 8, 7. Ẹ sọ "kí a" di "ká", "Tí ó" di "Tó", "ní èso" di "léso", ó ti bọ́ sí i. Fáwẹ́ẹ̀lì ni ká máa kà, pẹ̀lú n tó bá dá ohùn ní: "ńlá" jẹ́ méjì, àmọ́ "yin" jẹ́ ẹyọ kan.

Ìlà kẹta gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́. Ó pé 8 lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí akọrin bá kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, "Ó rọ̀jò sóko wa", 6 ló kù, kálukú á wá máa fa ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n pe gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ tún wo "oko": bí ohùn orin bá gòkè lórí "ko", ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé gbọ́ nínú ìsìn ni ìjọ máa gbọ́. Ìyà tó ń jẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí ohùn òyìnbó nìyẹn, òun ló sì mú kí ohùn ìbílẹ̀ níyì. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tó sìn ní Abẹ́òkúta níbí, kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.

Ti ìparí ìlà, ẹ má dààmú. Fáwẹ́ẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wa, kì í ṣòro láti mú wọn dún bákan náà, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọni lára. Àwítúnwí lágbára jù ú lọ. "Ó" ti bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta àti ìkẹrin. Ẹ jẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹsẹ.

Àwọn ohùn kan máa ń tún ìlà ìkẹrin kọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lè dá dúró. "Ó sì fún wa léso" lè dá dúró. "Tó mú ìkórè dé" kò lè ṣe é. Ẹ ní kí ẹlẹ́dùùrù tẹ ohùn 8.6.8.6 mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tí kò yí "oko" àti "léso" padà.