Báwo Ni A Ṣe Lè Rí Ímeèlì Àtijọ́ Padà Lẹ́yìn Tí A Fi Windows Tuntun Sórí Kọ̀ǹpútà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn, Thunderbird ni a sì fi ń gba ímeèlì. Nígbà tí Microsoft jáwọ́ nínú títọ́jú Windows 10 ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, a ní kí ẹni tí ó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe fi Windows 11 sí i. Ó kó fódà Thunderbird sórí háàdì-díìsìkì kan, ó sì pa gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́. Mo ti fi Thunderbird sí i padà, ṣùgbọ́n lẹ́tà bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nìkan ni mo rí, àpótí Sent sì ṣófo. Ṣé ìyókù ti ṣègbé ni?

Èsì: Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà lórí háàdì-díìsìkì yẹn, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà fódà náà síbòmíràn, ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ sì máa fi ṣiṣẹ́.

Àpótí Sent tí ó ṣófo ni ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn mí. Ọ̀nà méjì ni Thunderbird fi ń gba ímeèlì, IMAP àti POP. Bí ó bá jẹ́ pé IMAP ni ẹ ń lò, orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá yín gba ímeèlì, ni àwọn lẹ́tà ń gbé, gbogbo wọn ì bá sì ti padà wá fúnra wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ POP, inú kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n ń gbé: ètò Thunderbird sábà máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lórí sáfà fún ọjọ́ 14 péré, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ó jọ pé POP ni tiyín.

Ẹ wá kọ́kọ́ wò ó bóyá fódà tí ó tọ́ ni wọ́n kó. Mo tẹnu mọ́ èyí gan-an, nítorí pé ó rọrùn láti kó fódà Thunderbird tí ó wà nínú Program Files, èyí tí kò ní lẹ́tà kankan nínú, nígbà tí ó jẹ́ pé inú AppData, tí Windows fi pamọ́ fún ojú, ni àwọn lẹ́tà wà. Ẹ wá Profiles nínú ẹ̀dà yín, kí ẹ ṣí fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí default-release, kí ẹ sì wọ inú Mail. Fódà tí ó ń jẹ́ orúkọ sáfà yín ni ẹ ó ti rí Inbox àti Inbox.msf. Atọ́ka lásán ni èyí tí ó ní msf. Inbox tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ni lẹ́tà wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì tóbi, ẹ ti rí wọn nìyẹn.

Ẹ ti Thunderbird pátápátá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ %APPDATA%, kí ẹ wọ Thunderbird àti Profiles, kí ẹ sì gbé fódà àtijọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, láìfi í rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún tẹ Windows àti R, kí ẹ kọ thunderbird.exe -P. Ẹ yan Create Profile, lẹ́yìn náà Choose Folder, kí ẹ sì tọ́ka sí fódà àtijọ́ yẹn. Lẹ́tà, àdírẹ́sì àti páásíwọ́ọ̀dù yóò bá a wá pọ̀. Kí Thunderbird tí ẹ fi sí i má ṣe jẹ́ ẹ̀yà tí ó ti pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé kò ní gbà láti ṣí fódà tí ẹ̀yà tuntun jù ú lọ ti lò.

Ní ti àwọn lẹ́tà ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ ṣe ẹ̀dà Inbox tí ó wà nínú Mail ti fódà tuntun, ẹ sọ ọ́ ní Inbox-tuntun, kí ẹ fi í sínú Local Folders tí ó wà nínú Mail ti fódà àtijọ́ nígbà tí Thunderbird ṣì wà ní títì. Yóò yọ lábẹ́ Local Folders bí ẹ bá ṣí i.

Bí ẹ bá wá rí i pé Program Files nìkan ni wọ́n kó, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà lónìí, kí ẹ má sì fi ohunkóhun sórí rẹ̀ mọ́. Bí díìsìkì inú rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ń yí, amọṣẹ́ tí ó mọ bí a ti ń yọ fáìlì tí a pa rẹ́ padà ṣì lè rí nǹkan mú. Bí ó bá jẹ́ SSD, irú díìsìkì tí kì í yí, ìrètí kéré púpọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ kọ lẹ́tà síra yín.