Kí ni "heat shock protein" ń wá nínú ọpọlọ tí ooru ò mú?

Ìbéèrè: Ṣebí ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dí nínú rọpárọsẹ̀, kì í ṣe ooru. Kí ló wá dé tí wọ́n ní "heat shock protein" (purotéènì tí wọ́n fi ooru sọ lórúkọ) ń yọ nínú ọpọlọ tó fara pa? Ṣé fífi omi gbígbóná jó aláìsàn á mú un pọ̀ sí i ni?

Ọdún 1962 lorúkọ náà ti ṣẹ̀. Ferruccio Ritossa, ará Ítálì, ń fi ìdin eṣinṣin èso ṣèwádìí nígbà tí ooru àpótí tí wọ́n ń tọ́ wọn sí lọ sókè. Ó rí i pé ojú ibì kan lára kúrómósómù wọn wú, ìyẹn ni pé jíìnì ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ló ti kọ ọ́ pé dinitrophenol, kẹ́míkà tó ń fi agbára sẹ́ẹ̀lì ṣòfò, mú kí ibẹ̀ wú bákan náà láìsí ooru. Ooru ni aráyé dì mú. Ohun tó ń pe purotéènì wọ̀nyí jáde gan-an ni purotéènì mìíràn tó ti bàjẹ́.

Purotéènì gbọ́dọ̀ ká jọ bó ṣe yẹ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bó bá tú, apá rẹ̀ tí kì í fẹ́ omi á yọ síta, wọn á sì máa lẹ̀ mọ́ra bíi funfun ẹyin nínú omi gbígbóná. HSP70, ọ̀kan nínú àwọn "heat shock protein" (nǹkan bíi kilodalton 70 ni ìwúwo rẹ̀), á di apá yẹn mú kó má baà lẹ̀, á sì ná ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣagbára, láti tú u sílẹ̀ kó lè tún ara rẹ̀ ká. Nínú rọpárọsẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ATP á tán, inú sẹ́ẹ̀lì á kan, purotéènì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. HSF1, purotéènì tó ń tan jíìnì, tí HSP90 ("heat shock protein" mìíràn) ti ń dá dúró, á bọ́. HSF1 mẹ́ta á so pọ̀, wọ́n á lọ tan jíìnì HSP70.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn nìyí: ṣíṣe purotéènì fúnra rẹ̀ ń gba agbára. Níúrọ́ọ̀nù (sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń gbé ìròyìn) tó wà ní gbùngbùn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé kì í sábà ní HSP70, torí ó ti kú kó tó lè ṣe é. Èyí tó jìnnà, tí nǹkan kan ò ṣe, kò ní in náà. Àwọn tó wà létí ibi tó bàjẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì ń kàn, lẹ ó ti bá a. Ẹni tó bá rí i tó ní sẹ́ẹ̀lì yẹn ti ń kú ti ṣì í kà. Ẹni tó ní ó ti yè ti yára jù.

Bí wọ́n bá dí ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ eku gerbil fún ìṣẹ́jú 5 péré, mRNA HSP70 (ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe purotéènì) á kún níúrọ́ọ̀nù agbègbè CA1 nínú hippocampus, apá ọpọlọ tó wà fún ìrántí, ṣùgbọ́n purotéènì náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ jáde, torí ibi tí wọ́n ti ń ka mRNA ti dúró. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4, wọ́n á kú. Àwọn ti CA3 àti dentate gyrus, agbègbè mìíràn níbẹ̀, á ṣe purotéènì tiwọn, wọ́n á sì yè. Lọ́dún 1990, Kitagawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi hàn pé bí ìdínà ìṣẹ́jú 2 bá ti kọ́kọ́ wáyé lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú, CA1 lè la ti ìṣẹ́jú 5 já.

Ní ti omi gbígbóná, ó tì o. Bí ara bá gbóná, ọpọlọ tó ń wá ọ́síjìn á tún máa ná agbára sí i. Ibà ń mú kí rọpárọsẹ̀ burú ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fi paracetamol rọ̀ ọ́ bó bá ti kọjá 38°C.

Ẹni tó bá ń wá HSP70 nínú ọpọlọ eku, antibody (èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kan kí wọ́n lè rí i) ló máa ń kọ́kọ́ tàn án. HSC70, tó jọ ọ́ bí ìbejì, wà nínú níúrọ́ọ̀nù tó yè kooro nígbà gbogbo. Antibody tó bá mú méjèèjì á kun gbogbo ọpọlọ. Ẹ ra èyí tó mọ HSP70 nìkan, kí ẹ sì fi eku tí ẹ ṣiṣẹ́ abẹ fún láìdí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wé e. Ẹ mú ooru ara wọn dúró sí nǹkan bí 37°C, torí bí pádì tí ẹ fi ń mú wọn gbóná bá gbóná jù, HSP70 á yọ láìsí rọpárọsẹ̀ (níbẹ̀ yẹn, orúkọ rẹ̀ ò parọ́). Ẹ má ṣe gé ọpọlọ ní wákàtí kan péré: mRNA lè ti wà, ṣùgbọ́n ó máa ń tó bí ọjọ́ 1 sí 2 kí purotéènì tó pọ̀ dáadáa. Àmì NeuN lẹ ó fi dá níúrọ́ọ̀nù mọ̀, GFAP fún astrocyte (sẹ́ẹ̀lì tó ń ran níúrọ́ọ̀nù lọ́wọ́). NeuN náà máa ń ṣá lára níúrọ́ọ̀nù tó fara pa, nítorí náà ẹ má fi òun nìkan ka iye tó kú.