Èmi wà n'Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Houston, àwa méjèèjì ń ra ETF Amẹ́ríkà (àpapọ̀ ìdókòòwò tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà bí ìpín ilé iṣẹ́). Ṣé owó orí wa bákan náà ni?

Rárá o, irú àkáǹtì tẹ́ ẹ fi rà á ló máa sọ ọ́. Tí ẹ̀gbọ́n yín bá fi àkáǹtì lásán rà á, á máa san owó orí lórí dífídẹ́ńdì (èrè tí ETF náà ń pín fáwọn tó ni ín) lọ́dọọdún, tó bá tún tà á lérè á san, ṣùgbọ́n tó bá ti dì í mú ju ọdún kan lọ kó tó tà á, 0, 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún èrè yẹn ni, bí owó tó ń wọlé fún un bá ṣe pọ̀ tó (ETF tó ń tọ́jú góòlù gidi yàtọ̀, tiẹ̀ lè dé 28). Traditional IRA, ìyẹn àkáǹtì ìfowópamọ́ fún ìfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà, ní tiẹ̀, ó di ìgbà tó bá ń yọ owó kó tó san, wọ́n á wá kà á bí owó oṣù. Roth IRA ló wù mí jù, owó tó ti san owó orí rẹ̀ ló ń kó sí i, tó bá ti pé 59 ọdún àbọ̀ tí àkáǹtì náà sì ti lo ọdún 5, ọ̀fẹ́ ló ń yọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sí Bódìjà ńkọ́? Ẹ gbàgbé IRA. Fọ́ọ̀mù W-8BEN tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kún lórí áàpù tẹ́ ẹ fi ń rà á, ẹ fi ń sọ pé ẹ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà ni, wọ́n á wá máa yọ 30 nínú ọgọ́rùn-ún dífídẹ́ńdì yín torí Nàìjíríà ò bá wọn ní àdéhùn owó orí. Èrè tẹ́ ẹ bá rí níbi títà, Amẹ́ríkà ò ní bèèrè, àwọn onówó orí tiwa ló lè bèèrè. Dífídẹ́ńdì dọ́là 4 ló yẹ kó wọlé fún èmi lọ́jọ́sí, 2.80 ni mo bá lórí fóònù.