Èsì: Ìdí tí FDG fi ń há sínú kókó jẹjẹrẹ

Ẹ béèrè ìdí tí oògùn ìtànṣán tí wọ́n ń fún aláìsàn kí wọ́n tó ya àwòrán PET (àwòrán tó ń fi ibi tí oògùn náà kó jọ sí nínú ara hàn) fi ń ṣù jọ sínú kókó jẹjẹrẹ. FDG ni wọ́n ń lò jù: ṣúgà glucose tí wọ́n fi fluorine-18, èròjà tó ń tú ìtànṣán jáde, sí lára ni. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń jẹ ṣúgà gan-an, pùrótéènì GLUT1 tó ń gbé ṣúgà wọlé sì máa ń pọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí FDG bá wọlé tán, ẹ́ńsáímù hexokinase a so phosphate mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáímù tó kàn kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kò lè tẹ̀ síwájú, kò sì rọrùn fún un láti jáde. Ó há nìyẹn.

Ẹ má fojú kéré ààwẹ̀ wákàtí 4 sí 6 tí wọ́n ń ní kí aláìsàn gbà kí wọ́n tó fún un ní FDG o! Bí ènìyàn bá jẹun, ínsúlínì a darí FDG sínú ẹran ara, kókó náà kò sì ní hàn dáadáa. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ FDG, kí aláìsàn sinmi jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 60, kó sì tọ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán, torí FDG máa ń pọ̀ nínú àpò ìtọ̀. Nínú àwòrán, ọpọlọ náà máa ń tàn, ibi tó wú nítorí àkóràn sì lè tàn bíi jẹjẹrẹ.