Bí ẹ ṣe lè fi Excel dán ìdáwójọ àdúgbò wò

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní Tanke, Ìlọrin. A fẹ́ máa dáwó ra iná sólà sójú pópó lóṣooṣù, a ò sì ní fipá mú ẹnikẹ́ni. Ṣé mo lè fi kọ̀ǹpútà wò ó bí owó náà yóò ṣe máa wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ lè wò ó, Excel lásán ti tó. Ẹ mú onílé 10. Ẹ gbà pé ₦1,000 tí ẹnì kan bá dá ń ṣe àdúgbò láǹfààní ₦4,000. Pín in sí ọ̀nà 10: ₦400 ló kan ẹni tó dá a. Ibẹ̀ ni ìjà wà, àdúgbò jèrè, ẹni tó dá a sì fi ₦600 ṣòfò. Bí ẹ bá fi ₦10,000 rọ́pò ₦4,000, owó oníkálukú ti padà sápò rẹ̀, kò sí nǹkan tí ẹ ń dán wò mọ́.

Ìwádìí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Fischbacher, Gächter àti Fehr, ní 2001 rí i pé nǹkan bí ìdajì èèyàn ń wo ọwọ́ ẹlòmíì kí wọ́n tó dá tiwọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kì í dá kọ́bọ̀. (Ẹ̀yin lẹ mọ àdúgbò yín, ẹ yí iye yìí padà bó bá yẹ.) Nínú Excel, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ onílé kan, òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ oṣù kan, B sì ni oṣù kìíní. Torí náà, B2 dé B6 ni àwọn awòwọ́, ìyẹn àwọn tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì, ẹ kọ 10000 síbẹ̀. Ẹ gbà pé B7 àti B8 kì í yẹsẹ̀, wọ́n ń dá 10000 lóṣooṣù, ẹ fà á dé K. B9 dé B11, àwọn tí kì í dá, jẹ́ 0 títí lọ. Ní C2, ẹ kọ:

=0.9*(SUM(B$2:B$11)-B2)/9

Ẹ fà á sísàlẹ̀ dé C6, kí ẹ sì fà á dé K, oṣù kẹwàá. 0.9 wà níbẹ̀ torí pé awòwọ́ sábà máa ń dín díẹ̀ kù nínú ohun tí ó rí. Oṣù tó kọjá ni kí ó máa wò. Bí ẹ bá ní kó wo oṣù kan náà, Excel yóò pariwo pé iṣẹ́ náà ń yípo.

Owó awòwọ́ kọ̀ọ̀kan yóò já láti ₦10,000 sí ₦6,000, ₦4,400, ₦3,760, títí yóò fi sún mọ́ ₦3,333. Ẹ wá sọ àwọn méjì tí kì í yẹsẹ̀ di awòwọ́: owó yóò máa já lọ sí òfo. Ẹ dá wọn padà, kí ẹ sọ méjì nínú àwọn tí kì í dá di awòwọ́: yóò dúró nítòsí ₦5,000. Lójú tèmi, àwọn méjì tí kì í yẹsẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá rí, kí ẹ tó máa lé àwọn ahun kiri.

Iná sólà nìkan ni ìṣirò yìí bá mu, torí ọ̀kan tó bá wọlé ti wúlò. Tiransifọ́mà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì rẹ̀ kò tan gílóòbù kankan. Tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ rà, ẹ fi IF, àṣẹ “bó bá jẹ́ pé” ti Excel, sí i, kí àǹfààní jẹ́ 0 títí àpapọ̀ owó yóò fi pé iye rẹ̀, kí ẹ sì pinnu ṣáájú bóyá owó tí kò pé yóò padà sọ́wọ́ àwọn tó dá a.