Ṣé ọrọ̀ ajé àgbáyé ti ń gbérí padà? Kí ló kan àwa tá a ń ta kòkó l'Ákùúrẹ́ níbẹ̀?

Ó ń gbérí, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì ranlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 2020 tí kòrónà sé ayé mọ́lé, ó rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi 3%. Ó fò sókè kọjá 6% ní 2021, ẹni tó ṣubú ló kúkú ń dìde. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìṣirò IMF, àjọ tó ń rí sí ètò owó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ni pé yóò fi 3.2% dàgbà lọ́dún náà, àti 3.1% ní 2026. Kí kòrónà tó dé, láti 2000 sí 2019, ìpíndọ́gba 3.7% ló ń bá bọ̀ lọ́dọọdún. Èlé orí owó yíyá tó gbówó lórí láti 2022, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine, àti owó ibodè tí Amẹ́ríkà fi kún ní 2025 wà lára ohun tó ń fà á sẹ́yìn.

Ti kòkó yàtọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ló sì ká mi lára jù. Ẹ gba ọ̀nà Ìdànrè kọjá lásìkò ìkórè, ẹ ó rí ìyá àgbà tó ń fọwọ́ yí kòkó lórí ọ̀rá kó lè gbẹ dénú. Tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là lópin 2024. Kì í ṣe pé ayé lówó sí i o. Àrùn àti ojú ọjọ́ ló ba ti Ghana àti Ivory Coast jẹ́. Kí 2025 tó parí, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà àgbáyé ní New York àti iye dọ́là sí náírà lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ tó gbé àpò sórí ìwọ̀n.