Ìbéèrè Òǹkàwé: Oúnjẹ Àsìkò Láti Oko Ẹ̀gbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ìbarà ni mò ń gbé ní Abẹ́òkúta. Mo fẹ́ máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ó yẹ ní àsìkò kọ̀ọ̀kan. — Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Àgbàdo tútù máa ń pọ̀ ní oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, iṣu tuntun a sì tẹ̀lé e. Ní ti àgbálùmọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tirẹ̀.

Làfún ni mo fẹ́ dúró lé lórí, ó ṣe tán, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a wà. Ẹ̀gẹ́ tí a bó, tí a rẹ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí ó fi rọ̀, ni a ń sá sóòrùn kí a tó lọ̀ ọ́. Nítorí náà, èyí tí wọ́n ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tètè gbẹ, kì í sì í sábà bu bí ti ìgbà òjò. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iyanrìn wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn kan a máa sá a sórí àpáta láìtẹ́ nǹkan kan.

Ní ti ìrẹsì Ọ̀fadà, èyí tí orúkọ rẹ̀ ti ìlú Ọ̀fadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé wá, ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣa òkúta inú rẹ̀. Bí ẹ bá lè dé ọjà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀, ẹ lọ ní òwúrọ̀, ẹ má sì ná àwọn àgbẹ̀ ní ìnákúnàá.